Ẹ ka iye alẹ́ yín kí ẹ tó sanwó oúnjẹ àfikún nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́: ìtọ́sọ́nà fún àwọn òbí wa nílẹ̀ Òkun àti àwọn ọmọ tó ń sanwó

Ọmọ pè láti Houston. Ó ní, "Dádì, mo ti sanwó ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun fún ẹ̀yin àti Mọ́mì. Wọ́n ní tí mo bá fowó díẹ̀ kún un, ẹ lè máa jẹun ní àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá tó wà nínú ọkọ̀ náà. Ṣé kí n san án?" Bàbá tó wà ní Kábà kò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò mọ ohun tó yẹ kó sọ, ó ní kí ọmọ ṣe bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ ò sì fẹ́ kó dà bíi pé òun ń ṣahun sí òbí òun lọ́dún tí wọ́n pé àádọ́rin. Ó tẹ fóònù, owó lọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń bá àwọn èèyàn wa to ìwé ìrìnàjò, láti Kábà títí dé Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀, ìbéèrè yìí sì máa ń dé etí mi lemọ́lemọ́. Ó máa ń dùn mí tí owó tí ọmọ fi iṣẹ́ alẹ́ kó jọ bá lọ sórí oúnjẹ tí òbí rẹ̀ kò ní jẹ. Ó sì máa ń dùn mí bákan náà tí ẹni tí oúnjẹ ọ̀hún ìbá múnú rẹ̀ dùn bá fi í sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù owó. Ohun tó máa ń sọ ibi tó yẹ kí ẹ yà sí ni iye alẹ́ tí ẹ máa lè lò ó lóòótọ́. Bí orúkọ oúnjẹ inú ìwé wọn ti pọ̀ tó kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú owó tí ẹ ti san

Owó ọkọ̀ tí ọmọ yín san ti kó oúnjẹ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé bí àwọn ò bá san àfikún, ebi ló máa pa àwọn dé èbúté. Rárá o. Nínú àwọn ọkọ̀ ńlá bíi ti Royal Caribbean, Carnival, Norwegian àti MSC, gbọ̀ngàn oúnjẹ ńlá kan wà tí wéètà á ti wá bá yín lórí tábìlì, tí ẹ ó jẹ ìpanu ìbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ gbòógì àti ohun dídùn ìkẹyìn, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ lé e. Tí nǹkan ìbẹ̀rẹ̀ bá wù yín ní oríṣi méjì, ẹ béèrè méjèèjì. Ní Carnival, ẹni tó bá fẹ́ oúnjẹ gbòógì kẹta lálẹ́ kan náà ni wọ́n ń gba $5 lọ́wọ́ rẹ̀, èèyàn mélòó ló sì máa débẹ̀? Yàtọ̀ sí gbọ̀ngàn yìí, ibi bùfẹ́ wà tí ẹ ó ti máa fọwọ́ ara yín bu oúnjẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta písà àti bọ́gà máa ń wà pẹ̀lú; ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn.

Àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ń gbowó lé lórí wá yàtọ̀. Royal Caribbean ní Chops Grille tó jẹ́ ti ẹran màlúù sísun, Giovanni's Table tó jẹ́ ti àwọn ará Ítálì, àti Izumi tó jẹ́ ti àwọn ará Japan. Norwegian ní Cagney's fún ẹran, ó ní Le Bistro fún oúnjẹ àwọn ará Faransé. Carnival ní Fahrenheit 555 fún ẹran. Ẹ lè sanwó ibẹ̀ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lọ, tàbí kí ẹ ra páákéèjì. Ọ̀nà méjì ni páákéèjì sì máa ń gbà wá: èyí tó fún yín ní alẹ́ bíi mẹ́ta péré, àti èyí tí wọ́n ní ẹ lè fi jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́ títí ìrìnàjò á fi parí.

Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń ṣe báyìí. Virgin Voyages, tí kì í gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ti kó àwọn ilé oúnjẹ rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀. Ní Cunard ẹ̀wẹ̀, yàrá tí ẹ san owó rẹ̀ ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti máa jẹun: àwọn tó wà ní yàrá tí owó rẹ̀ kò ga ń lọ sí Britannia, àwọn tó gba yàrá olówó gọbọi ń lọ sí Princess Grill tàbí Queens Grill. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín rà, oúnjẹ ojoojúmọ́ yín ti wọnú owó ọkọ̀ tàbí owó yàrá nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tà á fún yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ìtàn ọ̀ràn yìí pẹ́ díẹ̀, ó sì wúlò fún wa. Ní ọdún 1905, ọkọ̀ àwọn ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Amerika gbé ilé oúnjẹ kan sínú ara rẹ̀ tí àwọn olówó lè lọ, kí wọ́n yan ohun tó wù wọ́n, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Titanic náà ní irú rẹ̀ fún àwọn èrò ipò kìn-ín-ní lọ́dún 1912. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tó bá sọ pé ilé oúnjẹ yẹn nìkan lòun ó máa lò, wọ́n á yọ díẹ̀ fún un nínú owó ọkọ̀, nítorí kò ní jẹ nínú oúnjẹ gbogbogbò. Lónìí, wọn kì í yọ ohunkóhun fún yín. Alẹ́ tí ẹ bá jẹun ní Chops Grille, ẹ ti sanwó oúnjẹ alẹ́ yẹn ní gbọ̀ngàn ńlá tẹ́lẹ̀, ó ti wọgbó. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín nìyí: ṣé oúnjẹ kejì yìí fi nǹkan ju ti àkọ́kọ́ lọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa sanwó alẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹ kọ àwọn alẹ́ náà sórí ìwé

Ẹ mú bírò àti bébà. Ẹ kọ alẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ kọ ibi tí ọkọ̀ máa wà lọ́jọ́ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè rí i nínú ìwé ìrìnàjò tí ọmọ yín gbà. Bí ẹ ò bá lè kà á lórí fóònù, kí ó fi ránṣẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìnàjò alẹ́ méje láti Galveston ṣe àpẹẹrẹ, nítorí èbúté yẹn kò jìnnà sí Houston tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí. Ọ̀nà kan tí àwọn ọkọ̀ sábà máa ń gbà níbẹ̀ ni pé wọ́n á gbéra lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n á lo ọjọ́ méjì lórí omi, wọ́n á yà sí Roatán ní orílẹ̀-èdè Honduras, wọ́n á kàn sí Costa Maya àti Cozumel ní Mẹ́síkò, wọ́n á tún lo ọjọ́ kan lórí omi, ilẹ̀ á sì mọ́ bá wọn ní Galveston.

Alẹ́ kìn-ín-ní: ó ti rẹ̀ yín. Ẹ ti tò fún ìwé, ẹ ti wá yàrá kiri, ẹ ti ṣe ìdánrawò ààbò tí òfin ní kí gbogbo èrò ṣe, àpótí yín sì lè má tíì dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó wákàtí méjì nídìí àwo lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò pọ̀. (Ìdí nìyẹn tí owó fi máa ń wálẹ̀ lálẹ́ kìn-ín-ní ní ilé oúnjẹ wọ̀nyí, màá padà sórí èyí.)

Alẹ́ ìmúra: nínú ìrìnàjò alẹ́ méje, ó sábà máa ń tó méjì. Gbogbo èrò á wọṣọ, wọ́n á ya fọ́tò, oúnjẹ inú gbọ̀ngàn ńlá á sì dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, ọ̀kan nínú alẹ́ yìí ni wọ́n máa ń gbé edé ńlá wá lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò rí ìdí tí bàbá tó ti rán agbádá tuntun fi máa lọ sanwó níbòmíì lálẹ́ ọjọ́ tí gbọ̀ngàn ńlá kún, tí orin ń dún, tí àwọn èèyàn á máa bi í léèrè aṣọ òkè tó wọ̀.

Alẹ́ ìkẹyìn: ẹ máa di ẹrù. Wọ́n á ní kí ẹ gbé àpótí ńlá síta yàrá kí alẹ́ tó jìn.

Ẹ yọ mẹ́rin yìí kúrò nínú méje, ó ku mẹ́ta. Nínú mẹ́ta yẹn, ọjọ́ tí ẹ bá ti inú oòrùn Cozumel dé, tí ẹ ti jẹ ẹja níta, ẹ lè má fẹ́ ju ọbẹ̀ gbígbóná àti búrẹ́dì lọ. Kí ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sọ́kàn. Mo ti bá àwọn èèyàn ṣe ìṣirò yìí fún oríṣiríṣi ọ̀nà, kò sì wọ́pọ̀ kí ó ju mẹ́ta lọ nínú alẹ́ méje.

Ìrìnàjò míì wà tó yàtọ̀ pátápátá. Queen Mary 2 ti Cunard máa ń gba alẹ́ méje láti Southampton dé New York láìyà síbì kankan. Lójú omi gbalasa bẹ́ẹ̀, alẹ́ kì í ṣe ìṣòro, ọ̀sán náà sì ṣí sílẹ̀ fún yín. Níbẹ̀, ìyípadà ibi ìjẹun lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lè tu èèyàn lára.

Ẹ wá ṣe ìṣirò owó

Iye owó máa ń yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀, kódà láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ fi iye tó wà lójú ìwé tiyín rọ́pò èyí tí mo máa lò. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí bí a ṣe ń ṣe é ni.

Ká ní oúnjẹ alẹ́ kan ní ilé ẹran sísun jẹ́ $60 fún ẹnì kan. Owó yẹn kò tíì pé. Royal Caribbean máa ń fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún àwọn òṣìṣẹ́, Norwegian máa ń fi ìdá 20 lé e. Ẹ lo 18: $60 di $70.80. Ká ní páákéèjì tó gba gbogbo alẹ́ jẹ́ $250 fún ẹnì kan. Pẹ̀lú ìdá 18, ó di $295. Ẹ fi $70.80 pín $295. Ó ju mẹ́rin lọ díẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀ lálẹ́ márùn-ún nínú méje kí páákéèjì yẹn tó lè dín ju sísan lẹ́yọ lẹ́yọ lọ. Ṣùgbọ́n bébà tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan sọ pé alẹ́ mẹ́ta ni ẹ ní. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ti alẹ́ mẹ́ta ńkọ́? Ká ní $130 ni wọ́n ń tà á. Pẹ̀lú ìdá 18, ó di $153.40. Alẹ́ mẹ́ta lẹ́yọ lẹ́yọ á jẹ́ $212.40. Ẹ ti jèrè $59 lórí ẹnì kan, tó bá dá yín lójú pé ẹ máa lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa lọ, $141.60 ni ẹ máa san lẹ́yọ, páákéèjì ti gbé yín ṣubú pẹ̀lú nǹkan bíi $12.

Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá wà lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n sọ owó náà di náírà kí ojú wọn lè là. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, páákéèjì kíkún fún tọkọtaya, $590, jẹ́ ₦885,000. Alẹ́ kan péré fún àwọn méjèèjì, $141.60, jẹ́ ₦212,400. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ níwájú ara yín. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ ná ₦212,400 lálẹ́ kan fún òbí tó tọ́ ọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. ₦885,000 fún oúnjẹ tí wọn ò ní lè lọ jẹ ni mi ò lè fọwọ́ sí.

Ohun mìíràn tó máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ: tí ìdílé bá tó mẹ́fà, wọ́n máa ń fẹ́ ra fún gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé wọ́n ya òun sọ́tọ̀. Owó á di ìlọ́po mẹ́fà. Ó sàn kí bàbá àti ìyá lọ nìkan lálẹ́ kan, kí àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ wà ní gbọ̀ngàn ńlá, kí gbogbo wọn pàdé níbi eré lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọdé kò ní ohun tí wọ́n ń wá níbi tí wọ́n ti ń fi wákàtí méjì jẹun.

Ẹnu ta ni oúnjẹ náà fẹ́ bọ́ sí?

Ibí yìí ni mo ti máa ń pẹ́ jù, nítorí pé àwọn tó ń ta páákéèjì kò mọ irú ẹnu tí èèyàn wa ní.

Ẹni tó jẹ iyán ní gbogbo ayé rẹ̀, tó jẹ́ pé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ata rẹ̀ jinná ló ń pè ní oúnjẹ, ẹ gbé ẹran màlúù tó nípọn bí ìwé ńlá síwájú rẹ̀, iyọ̀ àti ata dúdú nìkan ló wà lára rẹ̀. Wéètà á béèrè irú ìsun tó fẹ́. Bí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, wọ́n lè gbé èyí tó pupa láàárín wá. Nígbà tó bá fi ọ̀bẹ gé e, omi pupa á ṣàn sínú àwo, kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́. $60 ti lọ. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ kọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò nílé: kí wọ́n sọ pé "well done," kí wọ́n sì tún un sọ. Á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n á jinná dénú. Bí ẹran yẹn bá nípọn jù, wọ́n lè ní kí wọ́n là á sí méjì kí wọ́n tó sun ún. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Kí wọ́n béèrè ata olómi pẹ̀lú. Ó máa ń wà nínú ọkọ̀.

Oúnjẹ tí mo rí i pé àwọn òbí wa máa ń gbádùn jù lọ ni ti àwọn ará Íńdíà. Àwọn ọmọ Íńdíà pọ̀ láàárín àwọn alásè inú ọkọ̀ wọ̀nyí, oúnjẹ wọn sì máa ń wà lára ohun tí wọ́n ń sè fún gbọ̀ngàn ńlá àti bùfẹ́: ìrẹsì, ẹ̀wà kéékèèké tí wọ́n fi èròjà sè, adìyẹ inú ọbẹ̀ tó nípọn. Bí ẹ kò bá rí i lórí ìwé oúnjẹ, ẹ sọ fún olórí àwọn wéètà ní ọjọ́ kìn-ín-ní pé ẹ fẹ́ oúnjẹ Íńdíà tó láta. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, wọ́n á sè é fún yín ní ọjọ́ kejì, ọ̀fẹ́. Ìyá tó ti ń sọ pé òun ò ní rí nǹkan jẹ á wá rí nǹkan jẹ.

Ẹ tún ro ti wéètà. Tí ọmọ yín bá yan àkókò kan pàtó fún oúnjẹ alẹ́ ní gbọ̀ngàn ńlá, dípò èyí tí ẹ lè wọlé nígbà tó bá wù yín, tábìlì kan náà ni ẹ ó máa lò, wéètà kan náà ni yóò máa dá yín lóhùn. Ní alẹ́ kẹta, á ti mọ̀ pé bàbá ò ń jẹ iyọ̀ púpọ̀ nítorí ìfúnpá, pé ìyá kì í mu omi yìnyín, pé ṣúgà kò gbọ́dọ̀ sí nínú tíì wọn. Fún àgbàlagbà tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ka èyí sí ju ẹran olówó lọ. Ní àwọn ilé oúnjẹ alówó, ojú tuntun ni ẹ ó máa bá pàdé, ẹ ó sì máa tún àlàyé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò àkọ́kọ́ máa ń wà ní nǹkan bí aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìkejì ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Kí àwọn àgbà gba ti àkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe di ọbẹ̀ tàbí oúnjẹ sísè láti ilé, wọn kì í gbà á wọlé. Ìpanu tó wà nínú ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ pa kì í sábà ní wàhálà. Kẹ́tùlù iná àti àwọn ohun tó ń gbóná bíi rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ èrò, nítorí ìbẹ̀rù iná nínú ọkọ̀.

Ní ìdà kejì, àwọn òbí kan wà tí oúnjẹ tuntun jẹ́ ayọ̀ fún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ti ń ka nípa ìlú Ítálì láti ìgbà èwe rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti gbé ìlú òyìnbó rí, ẹni tó bá ń fẹ́ mọ bí ẹja tútù tí àwọn ará Japan ń jẹ ṣe rí lẹ́nu: ẹ má fi owó dí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè tààrà. Ẹ fi àwòrán oúnjẹ náà hàn wọ́n lórí WhatsApp, ẹ ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ máa jẹ eléyìí?" Èsì tí wọ́n bá fún yín ju ohunkóhun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ sórí ìwé ìpolówó lọ.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ ní kékeré

Páákéèjì tí wọ́n pè ní aláìlópin ní òpin. Ohun mímu kì í sábà sí nínú rẹ̀: wáìnì, bíà, ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn ẹran àti ẹja pàtàkì kan máa ń ní owó tiwọn lórí ohun tí ẹ ti san. Ní àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta àwo kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ, páákéèjì lè má bo ju iye kan lọ. Tí ẹ bá gba àyè sílẹ̀ tí ẹ kò lọ, tí ẹ kò sì fagi lé e lásìkò, àwọn ilé iṣẹ́ kan á gba owó ìtanràn. Ẹ béèrè ohun mẹ́rin yìí kí ọmọ tó sanwó.

Ìgbà tí owó rẹ̀ máa ń dín, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ rà á

Kí ọkọ̀ tó gbéra ni ó sábà máa ń dín jù, lórí àkáǹtì ọmọ yín ní wẹ́bùsáìtì ilé iṣẹ́ náà. Iye rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ bíi Royal Caribbean, tí ẹ bá ti rà á, tí ó wá dín ní oṣù tó tẹ̀lé e, ẹ lè fagi lé ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ tún un rà ní iye tuntun níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ ìgbéra kò bá tíì sún mọ́lé. Ọmọ tó bá ń wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á rí àǹfààní rẹ̀. Nítorí pé káàdì náírà ní òpin iye dọ́là tó lè ná, ó rọrùn kí ọmọ tó wà lókè òkun sanwó náà tán láti ibẹ̀.

Mo gba àwọn èèyàn níyànjú láti ra alẹ́ kan tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí tàbí àjọ̀dún ìgbéyàwó gan-an bọ́ sí àárín ìrìnàjò. Tọkọtaya tó ti tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà lè máà tíì jókòó ní àwọn méjì péré nídìí tábìlì aláṣọ funfun rí, kí ẹnì kan máa rọra bu omi fún wọn, kí ariwo má sì sí. Ohun tí ẹ ń sanwó rẹ̀ níbẹ̀ ju oúnjẹ lọ, mo sì gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ra a.

Mo tún gbà á tí ilé iṣẹ́ bá fi í kún owó ọkọ̀ láìjẹ́ pé owó ọkọ̀ fò sókè. Norwegian máa ń ṣe irú rẹ̀ nínú ìpolówó rẹ̀. Kí ọmọ wò ó dáadáa: nígbà míì wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, owó àwọn òṣìṣẹ́ á sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ní ilé oúnjẹ alówó, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wà lórí omi, máa ń dín ju ti alẹ́ lọ, alásè kan náà ló sì ń sè é. Fún àgbàlagbà tí kì í jẹun wúwo lálẹ́, èyí dára ju alẹ́ lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ tiyín máa ń ṣí lọ́sàn-án.

Ọjọ́ tí ẹ bá wọ ọkọ̀

Bí ẹ kò bá tíì ra nǹkan kan, ẹ má ṣàníyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìn-ín-ní, àwọn òṣìṣẹ́ á ti gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ bùfẹ́, wọ́n á máa kí yín pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n á sì máa ta oúnjẹ alẹ́. Kí ọmọ yín ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ iye tí ó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè iye tiwọn, ẹ fi wé e. Bí wọ́n bá ní owó alẹ́ òní ti wálẹ̀, tí kò sì rẹ̀ yín, ó lè jẹ́ ìgbà tó dín jù nínú gbogbo ìrìnàjò. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ ṣeun fún wọn, ẹ kọjá.

Bí ẹ bá ti ní páákéèjì, ẹ lọ sí ilé oúnjẹ náà lọ́sàn-án yẹn gan-an, ẹ gba àyè fún gbogbo alẹ́ tí ẹ kọ sórí bébà. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kẹta lè bá i pé àkókò tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹ fi àkókò eré sọ́kàn: oúnjẹ ibẹ̀ máa ń gbà tó wákàtí méjì, tí eré bá sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ẹ jókòó ní aago márùn-ún àbọ̀.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò péńpé àti aṣọ ìwẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ níbẹ̀ lálẹ́. Ìró àti bùbá, agbádá, àǹkárá tí wọ́n rán dáadáa, gbogbo wọn ló bójú mu.

Ohun tó kù ni owó inú ọkọ̀. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ yín níbi oúnjẹ. Káàdì yàrá ni ẹ ó fún wọn, gbogbo rẹ̀ á sì máa wọnú ìwé gbèsè kan tí ó so mọ́ káàdì báńkì ọmọ yín. Kí ọmọ ní kí wọ́n fi òpin sí iye tí ẹ lè ná ní ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá gbé bébà wá lẹ́yìn oúnjẹ tó wà nínú páákéèjì, ẹ wo iye tó wà nísàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ó yẹ kó jẹ́ òdo, àyàfi ohun mímu. Ààyè máa ń wà níbẹ̀ fún tíìpù mìíràn. Ẹ ti san ìdá 18 tàbí 20 tẹ́lẹ̀, kò pọn dandan kí ẹ kọ nǹkan síbẹ̀, bí ó bá sì wù yín láti fún ẹni tó tọ́jú yín dáadáa ní nǹkan, ẹ fi í sí ọwọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ tó ṣáájú ìkẹyìn, ẹ ṣí ìwé gbèsè náà lórí tẹlifíṣọ̀n inú yàrá tàbí lórí áàpù ilé iṣẹ́ náà, ẹ ka á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí oúnjẹ alẹ́ tí páákéèjì yẹ kó bò tí wọ́n tún gbowó rẹ̀, ẹ lọ sí ibi ìgbàlejò lálẹ́ yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ó bọ́ sílẹ̀, ìlà tó wà níbẹ̀ máa ń gùn gan-an.